Owó Ilé NHF: Èlé Rẹ̀ Kéré, Ọ̀nà Rẹ̀ Jìn

Tó bá jẹ́ ti èlé nìkan, kò sí owó yíyá tó dára tó ti NHF, àpò owó ilé ìjọba àpapọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí, fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ra ilé tàbí kọ́lé ní Nàìjíríà. 6% ni lọ́dún. Kì í gòkè nígbà tí èlé báńkì bá gòkè, ẹ sì lè fi ọdún tó tó 30 san án. Ní òpin 2024, èlé tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi ń darí ọjà owó ti dé 27.5%. Báńkì wo ló máa wá yá yín lówó ilé ní iye tó kéré sí ìyẹn? Ìdí nìyí tí orúkọ NHF fi wà lẹ́nu gbogbo dìfẹ́lọ́pà ní àsìkò tí ọjà ilé ń falẹ̀ yìí, tí ilé ti parí tán tí ẹni tó máa rà á kò sì yọjú. Ṣùgbọ́n sísan owó yìí rọrùn ju rírí i gbà lọ, ibẹ̀ sì ni àyẹ̀wò yìí máa pẹ́ sí jù.

FMBN, báńkì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 láti rọ́pò Nigerian Building Society ti 1956, ló ń bójú tó àpò náà. Òfin 1992 ló dá àpò ọ̀hún sílẹ̀: òṣìṣẹ́ á máa dá 2.5% owó oṣù rẹ̀, àwọn tó bá fẹ́ ní ilé á sì máa yá nínú rẹ̀. Àjọ ni, àfi pé nínú àjọ tiwa, gbogbo ẹni tó bá dá a ló máa kó o kó tó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí.

Dandan ni fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ti ilé iṣẹ́ aládàáni, òfin ìrọ̀rùn okòwò tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023 sọ ọ́ di ohun tó wu ènìyàn. Télọ̀, mẹkáníìkì, oníṣòwò àti gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì FMBN tó wà ní ìpínlẹ̀ wọn. Ẹ óò kọ́kọ́ dá owó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí ẹ tó lè béèrè. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ra ilé, ẹ kò ní bá FMBN sọ ọ́ tààrà. Báńkì owó ilé tí wọ́n ń pè ní PMB ló máa gba ìwé yín, òun ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló máa gbé e lọ. FMBN á yá PMB ní 4%, PMB á yá yín ní 6%. Ẹ fi ọkàn sí 2% tó wà láàárín yẹn, nítorí ó wà lára ohun tó ń fa ìdádúró.

Ìṣirò tí pátákó ìpolówó kì í ṣe

Fún ìgbà pípẹ́, 15 mílíọ̀nù náírà ni òkè owó tí ẹnì kan lè yá. FMBN ti gbé e dé 50 mílíọ̀nù. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe 50 mílíọ̀nù ló ń pinnu iye tí ẹ máa rí gbà. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni pé owó tí ẹ óò máa san padà lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yín lọ.

Ẹ mú 10 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ogún ọdún san án ní 6%, ó máa tó N71,650 lóṣù. Owó oṣù yín ní láti tó N215,000. Bí ẹ bá fi ọgbọ̀n ọdún san án, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí N60,000, owó oṣù N180,000 sì gbé e. 10 mílíọ̀nù kan náà fún ogún ọdún ní èlé 27% máa jẹ́ N226,000 lóṣù, ìyẹn ju gbogbo owó oṣù ẹni àkọ́kọ́ yẹn lọ. Ẹni tó bá ń wo 50 mílíọ̀nù fún ọgbọ̀n ọdún gbọ́dọ̀ máa gba nǹkan bí N900,000 lóṣù. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, N70,000, kò lè san ju N23,333 lọ, ohun tí ìyẹn sì lè yá fún ọgbọ̀n ọdún kò tó 4 mílíọ̀nù. Ilé wo lẹ máa fi 4 mílíọ̀nù rà ní Ìbàdàn, ká má tilẹ̀ tíì dé Èkó?

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ san án tán kí ẹ tó pé ọgọ́ta ọdún. Ẹni ọdún 45 ní ọdún 15 péré: 10 mílíọ̀nù di N84,400 lóṣù. Ẹni 50 ọdún ní ọdún mẹ́wàá: N111,000 lóṣù, owó oṣù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó N333,000. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni kì í rántí NHF títí ìfẹ̀yìntì á fi sún mọ́lé, nígbà tí ìṣirò náà kò gbè wọ́n mọ́. Ẹni tó bá wà láàárín 28 sí 40 ọdún ni ètò yìí bá mu jù.

Ní ti owó tí ẹ gbọ́dọ̀ mú wá láti àpò ara yín, FMBN ti dín in kù gan-an: 0% lórí owó tí kò ju 5 mílíọ̀nù lọ, 10% lórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 15 mílíọ̀nù. Ó dára. Àmọ́ báńkì kì í yáni ju iye tí estate valuer, ẹni tó ń díye lé ilé, bá sọ pé ilé náà tó lọ. Bí dìfẹ́lọ́pà bá ń ta ilé ní 18 mílíọ̀nù, tí valuer sọ pé 15 ni, ẹ̀yin lẹ máa wá 3 mílíọ̀nù yẹn, yàtọ̀ sí 10%.

Ibi tó ti ń há

Àkọsílẹ̀ owó dídá ló kọ́kọ́ ń dá ìbéèrè padà. Pé wọ́n yọ NHF lórí payslip yín kò túmọ̀ sí pé ó dé FMBN. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó fi owó náà ránṣẹ́ láàárín oṣù kan, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà NHF òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́fíìsì àkáǹtì bá fi owó ránṣẹ́ lápapọ̀ láìfi orúkọ tẹ̀ lé e, owó á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní hàn lójú àkáǹtì ẹnì kankan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti fìgbà kan jáde nínú ètò náà; ọdún tí wọ́n fi wà níta á hàn bí àlàfo. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ilé, kí ẹ tó bá ájẹ́ǹtì kankan sọ̀rọ̀, ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì NHF yín ní FMBN, kí ẹ fi wé payslip yín, oṣù sí oṣù. Oṣù tó bá sọnù, ọ́fíìsì àkáǹtì ni kí ẹ lọ bá. Kí wọ́n fún yín ní ẹ̀rí owó tí wọ́n san àti ìwé orúkọ tó bá a lọ. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò lè tún un ṣe.

Orúkọ náà ń kó báni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lórí NIN, BVN, payslip àti NHF. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tó wá ń gba owó oṣù pẹ̀lú orúkọ ọkọ, ní láti tún un ṣe ṣáájú. Ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́, tí ibi iṣẹ́ tuntun tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á rí i pé òun ní nọ́ńbà NHF méjì, owó rẹ̀ sì pín sí méjì. Ẹ ní kí FMBN pa wọ́n pọ̀.

Ìwé ilẹ̀ ló wá ṣòro jù, òun náà ló sì ń pa ìbéèrè jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé tí ẹ fẹ́ rà ni báńkì máa fi ṣe ẹ̀rí, nítorí náà wọ́n fẹ́ C of O, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fúnni, tàbí ìwé mìíràn tó ti wọ àkọsílẹ̀ ìjọba. Òfin ilẹ̀ ti 1978 tún sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní C of O tó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n tó fi dúró fún owó yíyá. Rìsíìtì ìdílé àti ìwé àdéhùn tí olórí ẹbí fọwọ́ sí, kódà bí agbẹjọ́rò bá lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kò tó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ lè rà ní Ìkòròdú, Mowé, Mọ́níyà tàbí Àkóbọ̀, lọ́wọ́ ìdílé ló ti wá. Ilé dára, odi dúró ṣánṣán, omi ń yọ, báńkì á ṣì kọ̀ ọ́.

Ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ ẹni tó ni C of O ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ẹ rí i pé kò sí gbèsè báńkì mìíràn lórí rẹ̀. Bí dìfẹ́lọ́pà bá sọ pé ẹ̀sítéètì òun ní C of O, ẹ béèrè bóyá ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ náà ni àbí ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ìwé kan fún gbogbo ẹ̀sítéètì túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ gé tiyín jáde kí báńkì tó san kọ́bọ̀, owó àti oṣù tí ìyẹn máa jẹ sì wà lọ́rùn yín bí ìwé àdéhùn kò bá sọ pé lọ́rùn dìfẹ́lọ́pà ni. Ní Èkó, ìlànà 2015 dín owó ìfọwọ́sí gómìnà àtàwọn owó tó so mọ́ ọn kù sí 3% iye ilé. Lórí ilé 20 mílíọ̀nù, N600,000 nìyẹn. Owó agbẹjọ́rò, valuer àti ìnṣọ́ránsì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. NHF kì í yáni ní èyíkéyìí nínú wọn.

Àsìkò tún ń jẹun. Ìwé á lọ láti PMB dé FMBN, á sì tún padà, oṣù sì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, iye ilé lè yí. Ní oṣù kejì 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá N10,000 ní ọ̀pọ̀ ọjà, kí ìjọba tó pe àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì jókòó tí wọ́n sì gbà á sí N7,000 sí N8,000. Dìfẹ́lọ́pà tó fún yín ní lẹ́tà iye ilé ṣáájú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ máa kọ lẹ́tà mìíràn, owó tí FMBN sì fọwọ́ sí kò ní sún. Kí ẹ tó gba lẹ́tà náà, ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye yẹn kò ní yí fún oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Nígbà tí ọjà bá ń ṣe dáadáa, kò ní gbà. Nísinsìnyí tí ilé ń jókòó lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè gbà, ẹ sì lè ní kó fi owó ìfọwọ́sí gómìnà kún un. Ilé tó ti parí nìkan ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé orí ìwé kò bá NHF mu rárá.

Kí ló dé tí PMB kì í fi í yára? 2% yẹn ni. Lórí 10 mílíọ̀nù, nǹkan bí N200,000 ni PMB máa rí lọ́dún àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀ ló ti máa sanwó òṣìṣẹ́ àti agbẹjọ́rò, òun náà ló sì máa ru ẹrù bí ẹ kò bá san. Ní 2024, ó lè fi owó tirẹ̀ ra treasury bill, ìwé gbèsè tí ìjọba ń san èlé lé lórí, kó gba bíi 20% láìṣe ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó máa sọ èyí fún yín ní káńtà. Wọ́n á kàn ní ẹ mú ìwé mìíràn wá. Ẹ yan PMB tó ti ń ṣe NHF tipẹ́, kí ẹ sì béèrè iye ìbéèrè NHF tí FMBN san fún wọn lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n bá ń já ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ lọ sí òmíràn.

Bí ẹ bá ti ní ilẹ̀

Owó ìkọ́lé ti FMBN wà fún ẹni tó ní ilẹ̀ tó níwèé àti plánù tí ìjọba fọwọ́ sí. Ó sàn ju rírà lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn odi Èkó. Kì í wá lẹ́ẹ̀kan náà: ìpìlẹ̀, ògiri dé líńtẹ́ẹ̀lì, òrùlé, ìparí. Wọ́n á wá wo ìpele kan kí wọ́n tó san ti èkejì, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ nílò owó díẹ̀ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ má baà dúró láàárín wọn.

Ìwé iye ohun èlò tí ẹ mú lọ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Ògiri mítà kan níbùú, mítà kan lóòró ń gba búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9 mẹ́wàá. Bí ẹ bá wọn gbogbo ògiri, tí ẹ yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò, tí ẹ fi 5% kún un fún èyí tó máa fọ́, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe ìwé náà ń parọ́. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò yẹ kó mọ búlọ́ọ̀kù 9 tó ju nǹkan bí 30 lọ. Alágbàṣe tó bá ń mọ 45 ń tà yín ní iyanrìn, ẹni tí báńkì rán wá yẹ ilé wò sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ ra sìmẹ́ńtì àti irin gbogbo ìpele náà lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé NHF tó dúró sí líńtẹ́ẹ̀lì, iye ọjà tó yí láàárín ìpele kejì àti ìkẹta ló fà á.

Ohun tí àwọn akọ́lé ń bèèrè

REDAN, ẹgbẹ́ àwọn dìfẹ́lọ́pà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, kò dákẹ́ rí lórí èlé tí kò tó 10%, ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú, àti ọ̀nà òun iná tí ìjọba máa gbé dé ẹ̀sítéètì. Wọ́n tọ̀nà lórí ọ̀nà àti iná, nítorí ẹni tó ra ilé ló ń gbé owó yẹn níkẹyìn. Lórí òkè owó NHF, àríyànjiyàn wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń gba N70,000 ń dá N1,750 lóṣù, N21,000 lọ́dún. Kí FMBN tó lè yá ẹnì kan ní 10 mílíọ̀nù, ó nílò owó ọdún kan gbáko lọ́wọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 476. Fún 50 mílíọ̀nù, 2,381. Gbígbé òkè owó sókè láìfi owó kún àpò túmọ̀ sí pé ẹnì kan kó ohun tí ẹni márùn-ún ì bá kó. Ẹni tó ń ta ilé 50 mílíọ̀nù jàǹfààní. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tí owó wọn kún àpò náà kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin ti sọ ibi tí owó yẹ kó ti wá. Òfin NHF ní kí àwọn báńkì fi 10% owó tí wọ́n ń yáni sínú àpò náà, kí àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì mú ìpín tiwọn wá. Wọn kò ṣe é. FMBN fúnra rẹ̀ ní owó ìpìlẹ̀ 5 bílíọ̀nù lórí ìwé: ìjọba àpapọ̀ 50%, CBN 30%, NSITF, àjọ ìnṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 20%. Ìdajì péré ló wọlé. Ìpè ti pọ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di 500 bílíọ̀nù. Àtúnṣe òfin tí ilé aṣòfin gbé lọ síwájú ààrẹ Buhari tún fẹ́ gba 2.5% lórí sìmẹ́ńtì. Ó kọ̀ láti buwọ́ lù ú ní 2019, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí pé owó sìmẹ́ńtì ni ẹni tó ń kọ́ yàrá méjì ì bá fi san án. Bí REDAN bá fẹ́ kí ilé tó wà nílẹ̀ tà, kí wọ́n gbájú mọ́ owó ìpìlẹ̀ FMBN àti kíkó ìwé ilẹ̀ wọ àkọsílẹ̀ kíákíá.

Ta ló bá mu?

Ẹni tó wà lábẹ́ 40 ọdún, tí owó oṣù rẹ̀ ju N200,000 lọ, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, tó sì rí ilé tó níwèé: kó má wo ibòmíràn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, 8 nínú 10 ni mo fún NHF. Ẹni tó ń gba owó tó kéré jù kò rí ju 3 lọ. Owó àtúnṣe ilé tí FMBN ń yáni ló lè fi ọwọ́ kàn, bí ìdílé rẹ̀ bá ti ní ilé. Ẹni tí ọjọ́ orí ti lé lè wo Rent-to-Own ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016: 5% lákọ̀ọ́kọ́, ìyókù láàárín ọdún mẹ́wàá. MREIF, àpò owó ilé mìíràn tí ìjọba àpapọ̀ gbé dé, ń yáni ní 9.75%, 10 mílíọ̀nù fún ogún ọdún jẹ́ nǹkan bí N95,000 lóṣù níbẹ̀. Ó wọ́n ju NHF lọ, àmọ́ kì í béèrè pé ẹ ti ń dá owó tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá sì yá rárá ní owó láti gbà padà, pẹ̀lú èlé díẹ̀, nígbà tó bá pé ọgọ́ta ọdún tàbí tó fẹ̀yìn tì. Ẹ tọ́jú payslip yín láti ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Bí owó ọdún kan kò bá hàn lójú àkáǹtì, payslip yẹn ni ẹ̀rí tí ẹ máa gbé lọ síwájú ọ́fíìsì àkáǹtì àti FMBN.